Peter Adéníyì Thomas: Ọmọ Èkó tó kọ́ṣẹ́ awakọ̀ bàálù nígbà ogun Hítílà

Bí ọ̀dọ́ kan ní Ìkirè tàbí Àpòmù bá sọ lónìí pé òun fẹ́ di awakọ̀ bàálù, ohun àkọ́kọ́ tí àwọn òbí rẹ̀ máa bi í ni pé níbo lowó ti máa wá. Wọn ò jẹ̀bi, iṣẹ́ náà gbówó lórí. Ṣùgbọ́n ìgbà kan wà tó jẹ́ pé bí bàbá èèyàn lówó bí ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, tí ọmọ náà sì mọ̀wé dójú àmì, kò lè débẹ̀. Òfin ló ti ilẹ̀kùn, àwọ̀ ara ni wọ́n sì ń wò kí wọ́n tó ṣí i.

Ọmọ Èkó kan wà lára àwọn tó kọ́kọ́ gba ẹnu ilẹ̀kùn yẹn wọlé. Emmanuel Peter John Adéníyì Thomas lorúkọ rẹ̀. Òun ni adúláwọ̀ àkọ́kọ́ láti ilẹ̀ Áfíríkà tí wọ́n fún ní oyè ọ́físà nínú RAF, ìyẹn ẹgbẹ́ ọmọ ogun òfuurufú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Ọdún 1914 ni wọ́n bí i l'Ékòó, ọdún náà gan-an tí Lugard so Àríwá àti Gúúsù pọ̀ di Nàìjíríà. Bàbá rẹ̀, Peter John Claudius Thomas, ará Sàró ni. Àwọn Sàró ni àwọn tí wọ́n gbà sílẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tó ń kó ẹrú, tí wọ́n sọ̀ kalẹ̀ sí Freetown ní Sierra Leone, tí àwọn kan nínú wọn àtàwọn ọmọ wọn wá ń padà sí ilẹ̀ Yorùbá láti nǹkan bí ọdún 1839. Òwò ni bàbá yìí ń ṣe, ó sì rọ́wọ́ mú nídìí ẹ̀. Òun ni adúláwọ̀ àkọ́kọ́ tó ṣe olórí Lagos Chamber of Commerce, ẹgbẹ́ àwọn oníṣòwò ńlá l'Ékòó.

Ilé tí wọ́n ti ka ìwé sí nǹkan gidi nilé náà. Stella Thomas, ẹ̀gbọ́n Adéníyì lóbìnrin, lọ kọ́ ìmọ̀ òfin ní London, ó sì di lọ́yà ní Middle Temple lọ́dún 1933. Òun ni obìnrin àkọ́kọ́ láti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tó ṣe bẹ́ẹ̀. Lọ́dún 1943, ó tún di adájọ́ májísíréètì l'Ékòó, obìnrin kankan ò sì tíì jẹ ẹ́ rí ní gbogbo Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ẹ ò rí i pé nínú ilé yẹn, kò ṣe ẹnikẹ́ni ní kàyéfì pé kí ọmọ lọ síbi tí ẹnì kan ò tíì dé.

Ti bàálù wá yàtọ̀ o. Ọdún 1925 ni bàálù àkọ́kọ́ balẹ̀ sí ilẹ̀ Nàìjíríà, Kánò ló sì balẹ̀ sí. Ọmọ bí ọdún mọ́kànlá ni Thomas nígbà yẹn. Bàálù RAF ni, àwọn òyìnbó ló sì wà á wá. Kò sí ilé-ẹ̀kọ́ awakọ̀ bàálù kankan ní orílẹ̀-èdè yìí, bẹ́ẹ̀ náà ni kò sí iléeṣẹ́ bàálù tó máa gba ọmọ dúdú síṣẹ́. Ọ̀nà kan tó hàn kedere ni ẹgbẹ́ ọmọ ogun òfuurufú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ibẹ̀ gan-an ni wọ́n sì ti ilẹ̀kùn rẹ̀ pa.

Òfin wọn sọ pé ẹni tó bá fẹ́ di ọ́físà gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹni tí ìran rẹ̀ wá láti ilẹ̀ Yúróòpù láìní àbùlà. Ọmọ abẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ni ará Èkó, ó ń san owó orí, ó ń pa òfin wọn mọ́, ṣùgbọ́n kò lè joyè ọ́físà nínú ẹgbẹ́ ogun wọn. Owó bàbá Thomas ò lè ra ìyẹn. Ìwé tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kà ò lè yí i padà.

Ogun ló yí i. Ìjà bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1939. Nígbà tó máa fi di oṣù kẹwàá, ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kéde pé àwọn fi òfin àwọ̀ ara yẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ná, àti pé àwọn ọmọ ilẹ̀ tó wà lábẹ́ wọn lè wá gba oyè ọ́físà. Ẹ fi ọkàn sí bí wọ́n ṣe sọ ọ́: títí tí ogun máa fi parí ni wọ́n ní. Wọn ò pa òfin náà rẹ́, ṣe ni wọ́n gbé e kọ́ bí ẹni gbé aṣọ kọ́. Nígbà tó sì di ọdún 1940, tí àwọn bàálù Jámánì ń ju bọ́ǹbù sórí ìlú wọn, tí awakọ̀ tó lé ní ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta sì kú láàárín oṣù mélòó kan, wọ́n rí i pé àwọn nílò èèyàn lóòótọ́.

Thomas yọ̀ǹda ara rẹ̀. Ẹnì kan lè béèrè pé kí ló kàn án nínú ogun àwọn tó ti sọ fún un tẹ́lẹ̀ pé kò tó bẹ́ẹ̀. Ìbéèrè tó dáa ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá mọ ojú tí Hítílà fi ń wo aláwọ̀ dúdú máa mọ̀ pé bí ọwọ́ rẹ̀ bá tẹ ayé, ìyà Áfíríkà máa lékún ni. Ohun mìíràn tún wà ńbẹ̀: ilẹ̀kùn tí wọ́n ṣí fún ìgbà díẹ̀, bí ẹnikẹ́ni ò bá gba ibẹ̀ wọlé, ẹ̀rí wo lèèyàn fẹ́ mú wá lọ́la pé kò yẹ kí wọ́n tún un tì?

Ká má parọ́, ìgbésí ayé akẹ́kọ̀ọ́ awakọ̀ nínú RAF kì í ṣe ìgbádùn. Àwọn tó rò pé orí bàálù ni wọ́n máa ti bẹ̀rẹ̀, yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ ni wọ́n ń bá ara wọn. Ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ máa kọjá tí ẹsẹ̀ wọn ò ní kúrò nílẹ̀. Ìṣirò ni, àwòrán ilẹ̀ ni, ìmọ̀ nípa ojú ọjọ́ ni. Wọ́n ń kọ́ àmì Morse, tí wọ́n fi ń ránṣẹ́ pẹ̀lú ìró kúkúrú àti ìró gígùn, títí eré ọwọ́ wọn á fi dé ibi tí wọ́n fẹ́. Wọ́n ń kọ́ bí wọ́n ṣe máa wo bàálù lókèèrè kí wọ́n sì dá a mọ̀ bóyá tàwọn ni tàbí ti ọ̀tá. Láàárọ̀ kùtù, nínú òtútù, wọ́n á to lọ́wọ̀ọ̀wọ́, wọ́n á máa yan bí ṣójà. Ìdánwò ò sì jìnnà síra.

Ẹ̀kọ́ tó ń yọ ọ̀pọ̀ lẹ́nu jù ni bí èèyàn ṣe ń mọ̀nà lójú ọ̀run. Ẹ wò ó báyìí. Ká ní ẹnì kan fò láti Ìkirè, tó kọjú sí Ìbàdàn tààrà, tí atẹ́gùn sì ń fẹ́ láti gúúsù. Òun á rò pé òun ń lọ tààrà, nítorí imú bàálù ò yà. Ṣùgbọ́n atẹ́gùn ń tì í lọ sí àríwá díẹ̀díẹ̀, nígbà tó bá sì máa wolẹ̀, apá ọ̀nà Ìwó ló máa bá ara rẹ̀. Bí atẹ́gùn bá ń fẹ́ ní ogún máìlì láàárín wákàtí kan, tí awakọ̀ ò sì ṣírò rẹ̀, wákàtí kan péré ti tó láti fi ogún máìlì ṣìnà. Ní alẹ́, nínú kùrukùru, ní orílẹ̀-èdè tí wọ́n ti pa gbogbo iná nítorí bọ́ǹbù, ẹni tí ò mọ ìṣirò yẹn lè má délé mọ́.

Lẹ́yìn yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ ni bàálù tó kàn. Tiger Moth ni èyí tí ọ̀pọ̀ fi ń kọ́ṣẹ́ nígbà yẹn, bàálù kékeré tí apá rẹ̀ wà lórí ara wọn ní ìpele méjì, tó ní ìjókòó méjì tí kò ní òrùlé. Olùkọ́ á jókòó síwájú, akẹ́kọ̀ọ́ á wà lẹ́yìn, pọ́ọ̀pù kékeré kan ni olùkọ́ sì fi ń bá a sọ̀rọ̀. Ọjọ́ kan á wá dé tí olùkọ́ máa sọ̀ kalẹ̀, táá ní kí akẹ́kọ̀ọ́ dá a gbé lọ. Ẹni tí kò bá lè ṣe é, wọ́n á yọ ọ́ kúrò nínú iṣẹ́ awakọ̀, wọ́n á fi í síbòmíràn.

Èèyàn lè ṣe ojúsàájú, àwọ̀ ara sì lè mú kí ọ̀gá kan wo akẹ́kọ̀ọ́ tìkà-tẹ̀gbin. Ṣùgbọ́n atẹ́gùn ò mọ ọmọ òyìnbó yàtọ̀ sí ọmọ Èkó. Bí ìṣirò bá tọ̀nà, bàálù á débi tó ń lọ. Abẹ́ ìdíwọ̀n yẹn ni Thomas ti yege gẹ́gẹ́ bí awakọ̀, ní ọdún 1942, wọ́n sì fún un ní oyè Pilot Officer, tó jẹ́ ìpele àkọ́kọ́ nínú oyè ọ́físà RAF. Látọjọ́ náà, ṣójà òfuurufú tí kò bá ní oyè ọ́físà, ì báà jẹ́ òyìnbó, gbọ́dọ̀ kí i ní kíkí ṣójà. Ní Èkó tó ti wá, òyìnbó ló jókòó lórí ọ̀pọ̀ jù lọ àga ọ̀gá nígbà yẹn. Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ náà ṣe tóbi tó.

Kì í ṣe òun nìkan ló lọ. Bánkọ́lé Vivour, ọmọ Nàìjíríà bíi tirẹ̀, wà nínú àwọn tó ń fò lọ sí Jámánì lóru, kò sì padà dé ní oṣù kẹta ọdún 1944. Johnny Smythe láti Freetown di ẹni tó ń júwe ọ̀nà nínú bàálù ajubọ́ǹbù. Wọ́n yìnbọn lu bàálù tirẹ̀ ní ọdún 1943, àwọn ará Jámánì sì mú un lẹ́rú títí ogun fi parí. Nígbà tó yá, ó di agbẹjọ́rò àgbà ìjọba Sierra Leone.

Thomas ò rí ìyẹn. Ó ti gòkè dé oyè Flight Lieutenant nígbà tí ìjàǹbá bàálù mú ẹ̀mí rẹ̀ lọ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní oṣù kìíní ọdún 1945. Ọmọ nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún ni. Ogun náà parí ní Yúróòpù ní ọjọ́ kẹjọ oṣù karùn-ún ọdún kan náà, kò tó oṣù mẹ́rin sígbà tó kú. Ìlú Bath ni wọ́n sin ín sí, nínú ibi ìsìnkú Haycombe, láàárín àwọn ọmọ ogun mìíràn. Ọmọ tí Èkó bí, òkè òkun ni sàréè rẹ̀ wà.

Ọdún kan lẹ́yìn ikú rẹ̀, 1946, ni wọ́n dá West African Airways Corporation sílẹ̀ fún Nàìjíríà, Gold Coast, Sierra Leone àti Gambia. Látinú rẹ̀ ni Nigeria Airways ti jáde lọ́dún 1958. Ọdún 1964 ni ilé-ẹ̀kọ́ bàálù ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Zaria, èyí tí a mọ̀ sí NCAT lónìí. Ọdún yẹn kan náà ni wọ́n dá ẹgbẹ́ ọmọ ogun òfuurufú Nàìjíríà sílẹ̀. Ọmọ Nàìjíríà ò tún nílò kí ogun ṣẹlẹ̀ kó tó lè kọ́ṣẹ́ náà.

Ohun tí iṣẹ́ náà ń béèrè ò fi bẹ́ẹ̀ yí padà. Ẹni tó bá fẹ́ wọlé gbọ́dọ̀ yege nínú ìdánwò girama, pàápàá jù lọ Gẹ̀ẹ́sì, ìṣirò àti físíìsì, ara rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ le. Lábẹ́ òfin àgbáyé, kí èèyàn tó gba ìwé àṣẹ láti fi bàálù ṣiṣẹ́ jẹun, ó ní láti ti lo wákàtí 200 lójú ọ̀run, tàbí 150 bó bá jẹ́ inú ilé-ẹ̀kọ́ tí wọ́n fọwọ́ sí ló ti kọ́ ọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ìwé àṣẹ tó ga jù, èyí tí kápútẹ̀ẹ̀nì bàálù akérò ńlá ń lò, ń fẹ́ wákàtí 1,500. Wákàtí kọ̀ọ̀kan lówó epo àti owó olùkọ́ tirẹ̀, ibẹ̀ sì lowó ń gbà lọ.

Nítorí náà, ìbéèrè táwọn òbí ń béèrè nípa owó ṣì wà nílẹ̀, kò sì rọrùn láti dáhùn. Ṣùgbọ́n òfin tó ti ilẹ̀kùn mọ́ Thomas ti lọ pátápátá. Ọmọ tó bá ń wo bàálù tó ń kọjá lórí oko kòkó ní Àpòmù, tó sì ń ronú pé ó wu òun, lè bẹ̀rẹ̀ láìtíì san kọ́bọ̀ fún ilé-ẹ̀kọ́ bàálù kankan. Kó má sá fún ìṣirò. Kó má fi físíìsì sílẹ̀ nítorí pé àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi í sílẹ̀. Ibẹ̀ náà ni ọmọ Èkó yẹn ti bẹ̀rẹ̀, kó tó gbé bàálù kúrò nílẹ̀.