Percy Julian: Ọmọ-ọmọ ẹrú tó sọ òróró ẹ̀wà sóyà di oògùn

Bí dókítà bá ń kìlọ̀ fún àgbàlagbà pé kó ṣọ́ ọ̀rá jẹ, cholesterol ló sábà máa ń dárúkọ. Èyí ló jẹ́ kí ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé májèlé pọ́ńbélé ni nǹkan náà. Ṣùgbọ́n ara ènìyàn kò lè ṣe láìsí i. Ẹ̀dọ̀ fúnra rẹ̀ máa ń ṣe é. Òun ni ara fi ń ṣe òróòro tó ń da ọ̀rá inú oúnjẹ, òun náà ni ara fi ń ṣe àwọn èròjà tó ń mú oyún dúró nínú obìnrin, tó sì ń mú ọkùnrin di ọkùnrin. Ìgbà tó bá pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ ló ń dí òpójẹ̀, tó ń fa àrùn ọkàn àti rọpárọsẹ̀. Igi àti ewéko náà ní irú tiwọn, tó jọ ti ènìyàn bí ìbejì. Sterol ni àwọn onímọ̀ ń pe gbogbo ẹbí náà.

Ọkùnrin aláwọ̀ dúdú kan, Ọ̀mọ̀wé Percy Lavon Julian, wà lára àwọn tó kọ́kọ́ rí ọ̀nà láti sọ sterol inú ewéko di oògùn ní ọ̀pọ̀ yanturu.

Ọjọ́ kọkànlá oṣù kẹrin ọdún 1899 ni wọ́n bí i sí ìlú Montgomery, ní ìpínlẹ̀ Alabama, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Ẹrú ni àwọn òbí àgbà rẹ̀. Bàbá rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́ nínú ọkọ̀ ojú irin, tíṣà sì ni ìyá rẹ̀. Òun ni àkọ́bí nínú ọmọ mẹ́fà. Nígbà náà, ilé ẹ̀kọ́ ìjọba fún àwọn ọmọ aláwọ̀ dúdú ní Montgomery kì í kọjá kíláàsì kẹjọ. Nítorí náà, nígbà tó wọ Yunifásítì DePauw ní ìpínlẹ̀ Indiana lọ́dún 1916, ó ní láti máa ka ìwé girama pọ̀ mọ́ ti yunifásítì. Wọn kò jẹ́ kó bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yòókù gbé. Orí àjà ilé àwọn ọmọ aláwọ̀ funfun kan ló ń sùn, tó ń gbé oúnjẹ fún wọn kó lè rówó jẹun. Síbẹ̀, òun ló gbégbá orókè nígbà tí wọ́n ṣe tán lọ́dún 1920.

Ó gba oyè kejì ní Harvard lọ́dún 1923, ṣùgbọ́n wọn kò fún un ní iṣẹ́ olùkọ́ níbẹ̀, nítorí wọ́n ní àwọn akẹ́kọ̀ọ́ funfun kò ní gbà kí dúdú kọ́ wọn. Nígbà tó di ọdún 1929, ó rí ìrànwọ́ gbà, ó kọjá sí Vienna, ní Austria, ó sì gba oyè ọ̀mọ̀wé níbẹ̀ lọ́dún 1931.

Ohun tó kọ́kọ́ sọ ọ́ di olókìkí ti ilẹ̀ Nàìjíríà lọ. Ẹ̀wà olóró kan wà lágbègbè Kàlàbá tí àwọn Ẹ́fíìkì ń pè ní esere. Láyé àtijọ́, wọ́n máa ń fún ẹni tí wọ́n bá fẹ̀sùn àjẹ́ kàn jẹ. Bó bá bì í, ó mọ́. Bó bá kú, wọ́n gbà pé ó jẹ̀bi. Àwọn òyìnbó gbé ẹ̀wà yìí lọ sí Scotland, wọ́n sì rí i pé èròjà inú rẹ̀, physostigmine, wúlò fún àrùn ojú glaucoma tí í fọ́ni lójú. Julian àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ ará Austria, Josef Pikl, fẹ́ fi ọwọ́ ara wọn ṣe èròjà náà. Gbajúmọ̀ onímọ̀ kan ní Oxford, Robert Robinson, ń lépa ohun kan náà. Julian kọ̀wé síta pé Robinson ṣì í. Bó bá jẹ́ pé òun ló ṣì í, iṣẹ́ rẹ̀ ìbá dópin níbẹ̀. Lọ́dún 1935, ó hàn pé Julian ló gba á.

Pẹ̀lú gbogbo rẹ̀, DePauw kò sọ ọ́ di ọ̀jọ̀gbọ́n. Ilé ìwádìí kan ní Appleton fẹ́ gbà á síṣẹ́, àmọ́ ìlú náà kì í jẹ́ kí dúdú sùn mọ́jú níbẹ̀. Ilé iṣẹ́ Glidden ní Chicago ló gbà á lọ́dún 1936, tó fi í ṣe ọ̀gá ìwádìí lórí ẹ̀wà sóyà. Láti ara sóyà ni wọ́n ti ṣe ìhó tí àwọn ọmọ ogun ojú omi Amẹ́ríkà fi ń pa iná nígbà Ogun Àgbáyé Kejì.

Lọ́jọ́ kan, omi jò wọ táǹkì ńlá tí wọ́n rọ òróró sóyà sí, ohun funfun kan sì jókòó sísàlẹ̀ rẹ̀. Ẹlòmíràn ìbá dà á nù. Julian rántí pé òun ti rí irú rẹ̀ lára ẹ̀wà Kàlàbá: stigmasterol ni, ọ̀kan lára sterol inú ewéko. Àwọn ará Jámánì ti fi hàn ṣáájú pé ó ṣeé sọ di progesterone, èròjà tó ń mú oyún dúró, ṣùgbọ́n ìwọ̀nba díẹ̀ ni wọ́n ń rí. Láti ọdún 1940, Julian ń ṣe é ní ọ̀pọ̀ yanturu.

Lọ́dún 1949, àwọn dókítà kéde pé cortisone ń jẹ́ kí àwọn tí àrùn oríkèé ara ti so mọ́ bẹ́ẹ̀dì dìde rìn. Ṣùgbọ́n òróòro màlúù ni wọ́n fi ń ṣe é, owó rẹ̀ sì ga púpọ̀. Láti ara sóyà ni Julian ti ṣe èròjà kan tí wọ́n ń pè ní Compound S, èyí tó ṣeé sọ di hydrocortisone, ìbátan cortisone.

Lọ́dún 1950, ìwé ìròyìn kan ní Chicago fi í ṣe ẹni iyì ọdún náà. Ọdún yẹn gan-an ló ra ilé sí Oak Park, níbi tí àwọn funfun pọ̀ sí. Kó tó kó wọlé, wọ́n sọná sí ilé náà. Ní ọjọ́ kejìlá oṣù kẹfà ọdún 1951, wọ́n tún ju dínámáìtì sí i. Julian àti ọmọ rẹ̀ ọkùnrin fi ìbọn ṣọ́ ilé lóru, ṣùgbọ́n òun àti ìyàwó rẹ̀, Ọ̀mọ̀wé Anna, kò kó lọ.

Lẹ́yìn tó fi Glidden sílẹ̀, ó dá ilé iṣẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀, ó ń fi iṣu igbó ilẹ̀ Mexico ṣe irú oògùn wọ̀nyí. Lọ́dún 1961, ó tà á ní mílíọ̀nù 2.3 dọ́là. Lọ́dún 1973, wọ́n gbà á wọ ẹgbẹ́ àgbà onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Amẹ́ríkà, òun sì ni aláwọ̀ dúdú kejì tó débẹ̀.

Àrùn jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ ló pa á ní ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù kẹrin ọdún 1975, lẹ́ni ọdún 76. Àwárí tó fi orúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba lé ní 100. Ìjọba Amẹ́ríkà tẹ àwòrán rẹ̀ sórí sítáǹbù lọ́dún 1993, ilé ẹ̀kọ́ kan sì ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ ní Oak Park, ìlú tí wọ́n ti fẹ́ fi iná lé e jáde.