Ọbẹ̀ La Dì, Ọbẹ̀ La Dà: Ìtàn Jimmy Scott, Onílù Ọmọ Sápẹ́lẹ̀

  

Àwọn tó bá jókòó dalẹ́ níbi àpèjẹ wa tó kọjá yóò rántí awuyewuye tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn tí a jẹun tán. Orin àwọn ọdún 1960 ni wọ́n ní kí wọ́n fi sí i fún ìgbádùn àwọn àgbà. Wọ́n kọ́kọ́ fi Cliff Richard sí i, àwọn ẹ̀gbọ́n wa ń mi orí. Wọ́n fi My Boy Lollipop tí ọmọbìnrin Jàmáíkà nì, Millie Small, kọ ní London ní 1964 sí i, àwọn ìyá wa ń pàtẹ́wọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n fi Ob-La-Di, Ob-La-Da tàwọn Beatles sí i, kò sẹ́ni tó lè jókòó mọ́. Ẹ̀gbọ́n wa kan tó ti ń ráhùn orúnkún láti àárọ̀ ni ó kọ́kọ́ bọ́ sí agbo. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ Òyìnbó inú orin náà ni wọ́n ń kọ o. Ohun tí wọ́n ń kọ ni ti ilé oúnjẹ wọn láyé ọjọ́un: ọbẹ̀ la dì, ọbẹ̀ la dà. Wọ́n ní ọbẹ̀ ìgbà náà ṣàn débi pé ẹni tó bá dì í, dídà ló máa dà á.

Ibẹ̀ ni ìjà ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n wa yìí ní Yorùbá pọ́ńbélé ni ọ̀rọ̀ náà, ó ní ọmọ Yorùbá kan ló kọ́ àwọn Òyìnbó. Ọ̀gá wa kan tó kọ́ni ní èdè Gẹ̀ẹ́sì ní irọ́ ni, ó ní ariwo ẹnu lásán ni, kò ní ìtumọ̀ kankan. Ọ̀rọ̀ di ariwo. Nítorí pé iṣẹ́ ìròyìn ni mo ń ṣe, wọ́n nawọ́ sí mi, wọ́n ní kí n lọ wádìí rẹ̀ wá. Èmi tí wọn ò tíì bí nígbà tí orin náà jáde! Mo ti wádìí rẹ̀ o, èsì rẹ̀ nìyí. Ẹ má bínú sí mi, nítorí àwọn àgbà méjèèjì ni wọn kò gbà á tán.

Ẹni tó ni ọ̀rọ̀ náà ń jẹ́ Jimmy Scott. Orúkọ ilé rẹ̀ ni Emuakpor, ọmọ Ùròbò sì ni, láti Sápẹ́lẹ̀. Ìlú èbúté ni Sápẹ́lẹ̀, ìlú igi gẹdú àti pákó, níbi tí ọkọ̀ òkun ti ń wá kó ẹrù lọ sí òkè òkun. Ọmọ tó bá dàgbà nírú ìlú bẹ́ẹ̀, ojú rẹ̀ kì í kúrò lójú omi. Ní àwọn ọdún 1950, Jimmy Scott náà gba ìlú Òyìnbó lọ, ìlù kóńgà ló sì fi ń jẹun.

Nígbà tó dé London, kì í ṣe òun ni ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó máa lu ìlù níbẹ̀. Ambrose Campbell, ọmọ Èkó tí wọ́n bí ní 1919, ti wà níbẹ̀ ṣáájú. Òun ló kó àwọn West African Rhythm Brothers jọ, àwọn ló ń kọrin ní àdúgbò Soho, níbi tí ilé ijó pọ̀ sí bí ìsọ̀ aláta ní ọjà Òmù-Àrán. Ginger Johnson, onílù ọmọ Nàìjíríà mìíràn, wà níbẹ̀ pẹ̀lú, òun náà sì bá àwọn Rolling Stones lu ìlù ní pápá Hyde Park ní 1969, lójú ogunlọ́gọ̀ èèyàn. Ká má fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n, orin fàájì tí àwọn Òyìnbó fi gba ayé láwọn ọdún wọ̀nyẹn, ọwọ́ àwọn ọmọ Áfíríkà àti àwọn ọmọ Jàmáíkà wà nínú rẹ̀ dáadáa. Àmọ́ ẹ̀yìn ni wọ́n máa ń jókòó sí, níbi tí iná kì í mọ́lẹ̀ dé.

Jimmy Scott bá ẹgbẹ́ Georgie Fame lu ìlù, èyíinì tí orin rẹ̀ gba ipò kìn-ín-ní ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1965. Lọ́dún 1965 yẹn kan náà, nígbà tí Stevie Wonder, tó ṣì jẹ́ ọ̀dọ́mọdé, wá ṣeré káàkiri ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Jimmy Scott wà lára àwọn tó lù lẹ́yìn rẹ̀. Ọlọ́yàyà èèyàn ni, ẹnu rẹ̀ dùn, ó sì ní ọ̀rọ̀ kan tó máa ń fi dá àwọn èèyàn lára yá. Bí ó bá ti ń ṣeré, yóò lé e pé ob-la-di, àwọn èrò yóò gbè é pé ob-la-da, òun yóò wá parí rẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì pé ayé ò dúró, ayé ń lọ. Lílé àti gbígbè ni, bí a ti ń ṣe é nílé. Kì í tilẹ̀ ṣe orí pèpéle nìkan. Tí ẹ bá bá a pàdé lójú títì, tí ẹ bi í pé báwo ni nǹkan, ìdáhùn rẹ̀ nìyẹn.

Nínú àwọn ilé ijó Soho yìí ni Paul McCartney ti mọ̀ ọ́n. Ọ̀rọ̀ náà wọ McCartney lára, ó sì fi kọ orin kan lórí ọkùnrin tó ń fi ọmọlanke tajà lọ́jà àti ìyàwó rẹ̀ tó jẹ́ olórin, ó gbé ìlù rẹ̀ gba ti àwọn ará Jàmáíkà. Ní ọjọ́ 3 oṣù Keje ọdún 1968 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbà á sílẹ̀ ní ilé iṣẹ́ EMI tó wà ní Abbey Road. Ní ọjọ́ 5 oṣù náà, wọ́n ránṣẹ́ pe Jimmy Scott fúnra rẹ̀, ó wá, ó lu kóńgà sí i. Ṣùgbọ́n ọkàn McCartney kò balẹ̀ lórí iṣẹ́ yẹn. Ní ọjọ́ 8 wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ láti orí, John Lennon, tí orin náà ti sú pátápátá, fi ìbínú lu dùùrù ní ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, èyí ni wọ́n sì fi ta á. Ẹ ò rí i pé ọ̀rọ̀ Jimmy Scott wọ inú àwo, ìlù rẹ̀ ni kò wọ̀ ọ́.

Àwo náà jáde ní oṣù Kọkànlá ọdún 1968. Ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1969, àwọn Marmalade, ẹgbẹ́ olórin kan láti Scotland, tún orin yìí kọ, tiwọn sì gba ipò kìn-ín-ní ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ rántí bí nǹkan ti rí nílé lásìkò yẹn. Ogun abẹ́lé ń lọ lọ́wọ́, ogun náà sì ti gba ẹkùn àwọn Jimmy Scott kọjá ní 1967. Ìpínlẹ̀ Kwara wa yìí, ọdún 1967 kan náà ni ìjọba dá a sílẹ̀. Rédíò tó ń sọ iye ẹni tó kú ní àárọ̀, òun náà ló ń kọrin pé ayé ń lọ ní ìrọ̀lẹ́. Bóyá ìdí rẹ̀ nìyẹn tí àwọn ẹ̀gbọ́n wa fi fẹ́ràn rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí Jimmy Scott rí owó tí ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ ń pa, ó ní kí wọ́n fún òun ní tòun. McCartney ní ọ̀rọ̀ lásán ni, ó ní òun lòun jókòó kọ orin. Tí ẹ bá bi mí, n kò ní dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi tán. Òtítọ́ ni pé McCartney ló kọ orin, kò sì fi ìgbà kan sẹ́ pé ẹnu Jimmy lòun ti gbọ́ ọ. Òtítọ́ ni bákan náà pé tí ẹ bá yọ ọ̀rọ̀ Jimmy kúrò níbẹ̀, orin wo ló kù? Àmọ́ àìní kì í jẹ́ ká mọ ìjà jà. Nígbà tó yá, wọ́n mú Jimmy Scott nítorí owó ìtọ́jú tí kò san fún ìyàwó rẹ̀ àtijọ́, wọ́n sì tì í mọ́lé. Ó ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì àwọn Beatles pé kí wọ́n gba òun sílẹ̀. McCartney gbà láti san owó náà, àdéhùn rẹ̀ sì ni pé kí Jimmy má bèèrè ohunkóhun lórí orin náà mọ́. Ẹni tó wà ní àhámọ́ kì í ná ọjà. Ó gbà, ó sì jáde. Bẹ́ẹ̀ ni ẹjọ́ ṣe parí.

Ní 1973, McCartney wá sí Èkó láti gba àwo Band on the Run sílẹ̀ ní ilé iṣẹ́ EMI ní Àpápá. Fẹlá gbé e lójú pé orin aláwọ̀ dúdú ló wá jí kó. McCartney ní láti gbé ohun tó ti gbà sílẹ̀ fún Fẹlá gbọ́, kí ó tó gbà pé kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ ló ní Fẹlá fi ìjà wá a lásán. Ẹni tó bá mọ ìtàn Jimmy Scott yóò mọ̀ pé ìfura Fẹlá kò ṣàì ní ẹsẹ̀ nílẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé McCartney kò jẹ̀bi ti ọjọ́ yẹn.

Jimmy Scott kò torí ìyẹn jókòó sunkún. Ó fi ọ̀rọ̀ náà sọ ẹgbẹ́ olórin tirẹ̀ lórúkọ, ó ń ṣeré kiri. Ní àwọn ọdún 1980, nígbà tó ti dàgbà, ó bá àwọn ọ̀dọ́ Òyìnbó kan tí wọ́n ń pè ní Bad Manners lu ìlù, ó sì bá wọn dé Amẹ́ríkà. Kò pẹ́ lẹ́yìn ìrìn àjò yẹn ni àìsàn ẹ̀dọ̀fóró mú un, ó sì kú ní 1986. Ní 1996, nígbà tí wọ́n kó àwọn orin àpamọ́ àwọn Beatles jáde nínú Anthology 3, èyí tí Jimmy lu kóńgà sí wà níbẹ̀. Ọdún kẹwàá tó ti kú ni gbogbo ayé tó gbọ́ ọwọ́ rẹ̀.

Ó yá, ìdájọ́ wa dà? Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀wọ́, kì í ṣe Yorùbá. Ọ̀pọ̀ ìwé Òyìnbó náà kọ ọ́ pé Yorùbá ni, ṣùgbọ́n ẹ fi etí gbọ́ ọ̀rọ̀ náà. Sílébù Yorùbá kì í parí sórí b. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀yin fúnra yín fi ní láti sọ ọ́ di ọbẹ̀ kí ó tó lè gba ẹnu yín. Òyìnbó rí aláwọ̀ dúdú láti Nàìjíríà, ó ní Yorùbá ni, ó tán. Ẹ̀yin ọ̀gá wa náà, ẹ forí jì mí, kì í ṣe ariwo lásán. Àwọn ará ilé Jimmy sọ pé láti inú èdè Ùròbò tí wọ́n bí i sí ni ó ti mú un wá, ṣùgbọ́n ẹni tó ni ín kò sọ ìtumọ̀ rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni.

Ohun tó mú mi kọ èyí gùn tó báyìí rèé. Àwa ará Ìgbómìnà mọ nǹkan tí ń jẹ́ iṣẹ́ tó ju orúkọ oníṣẹ́ lọ. Ẹ lọ sí Èsìẹ́ níbí, ère òkúta tó ju ẹgbẹ̀rún kan lọ wà nínú mùsíọ́ọ̀mù tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1945, àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní gbogbo Nàìjíríà. Àwọn èèyàn ń ti òkè òkun wá wò wọ́n. Ta ló gbẹ́ wọn? Kò sẹ́ni tó lè dárúkọ ẹyọ kan ṣoṣo. Bí Egúngún Eléwe bá sì jó, orúkọ Eléwe ni à ń kì, a kì í bèèrè ẹni tó lùlù.

Nítorí náà, mo bẹ̀ yín. Ní àpéjọ tó ń bọ̀, kí sẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan mú orúkọ wá. Ta ló dá orin tí ẹ ń kọ lọ́jọ́ ìdíje eré ìdárayá? Ta ló ń lu dùùrù ní àárọ̀? Ta ló kọ́kọ́ pe ọbẹ̀ ilé oúnjẹ lórúkọ tó ń jẹ́ títí dòní? Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ kí ẹni tó mọ̀ ọ́n tó lọ. Tí wọ́n bá sì tún fi orin yẹn sí i, tí ẹ̀gbọ́n wa bá tún gbàgbé orúnkún rẹ̀, kí a jó o dáadáa, kí a rántí Jimmy Scott, ọmọ Emuakpor, ará Sápẹ́lẹ̀. Ayé ń lọ lóòótọ́. Kó má kàn gbé orúkọ lọ ni.