Abul-Qasim Az-Zahrawi: Oníṣègùn Tó Ń Wò Kí Ó Tó Gé

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, Ọba tó sọ àìsàn kalẹ̀ tó sì sọ oògùn rẹ̀ kalẹ̀. Ìkẹ́ àti ọlà kí ó máa bá Annabi Muhammad.

Ẹ̀yin ọmọ ilé-kéwú àti ẹ̀yin òbí wa, ọ̀kan nínú àwọn Mùsùlùmí tí ìmọ̀ wọn ṣe aráyé lóore ni Abul-Qasim Khalaf ọmọ Abbas Az-Zahrawi. Orúkọ ìlú Az-Zahra, nítòsí Kurtuba ní ilẹ̀ Andalus tí à ń pè ní Sípéènì lónìí, ni wọ́n fi ń pè é. Ó kú ní nǹkan bí ọdún 1013. Ó ti lo bí 50 ọdún nídìí ìṣègùn kí ó tó parí ìwé rẹ̀, At-Tasrif, tó ní apá 30. Apá ìkẹyìn dá lórí iṣẹ́ abẹ, ó sì ya àwòrán irinṣẹ́ bí 200 síbẹ̀.

Níbẹ̀ ni ó ti sọ̀rọ̀ nípa ẹran tó ń hù nínú imú, tó ń dí èémí. Ó ní kí oníṣègùn gbé aláìsàn jókòó kọjú sí oòrùn, kí ó ṣí ihò imú rẹ̀, kí ó wò ó dáadáa. Bí ẹran náà bá rọ̀, kí ó fi ìwọ̀ fà á, kí ó gé e. Bí ó bá le tó sì dúdú, jẹjẹrẹ ni. Kí ó má fi irin kàn án.

Kí ló fa ìṣọ́ra yìí? Ó ti rí oníṣègùn kan tí kò nímọ̀, tó gé kókó ọrùn obìnrin kan, tó sì gé iṣan ẹ̀jẹ̀ mọ́ ọn. Obìnrin náà kú mọ́ ọn lọ́wọ́. Nítorí náà ni ó ṣe ń kìlọ̀ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀, tó ń pè ní ọmọ rẹ̀.

Ní ọgọ́rùn-ún ọdún kejìlá, Gerard ará Cremona túmọ̀ apá iṣẹ́ abẹ yìí sí èdè Látìn, àwọn oníṣègùn Yúróòpù sì lò ó fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Lónìí, a ti mọ ohun tí Az-Zahrawi kò mọ̀: òmíràn nínú ohun tó ń dí ihò egungun tó yí imú ká jẹ́ ìran ohun tó máa ń bo búrẹ́dì tó bá bu. Dókítà yóò ti ọ̀pá tín-ín-rín tó ní iná bọ imú, yóò ya àwòrán inú orí, yóò sì bu díẹ̀ lára rẹ̀ lọ fún àyẹ̀wò. Òmíràn, iṣẹ́ abẹ nìkan ni yóò tán an. Òmíràn ń fẹ́ oògùn pẹ̀lú. Èyí tó sábà máa ń mú àwọn tí ìtọ̀ ṣúgà wọn kò sí lábẹ́ àkóso lè dé ojú àti ọpọlọ láàárín ọjọ́ díẹ̀.

Ẹ̀yin òbí, bí imú ọmọ bá dí tí kò là, ẹ má da ohun tí ẹ kò mọ̀ sí i. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, kí wọ́n kọ́kọ́ wò ó.

Kí Ọlọ́hun kẹ́ Az-Zahrawi, kí Ó gbé irú rẹ̀ dìde láàárín àwọn ọmọ wa. Àmín.