Helen Keller: Obìnrin tí kò ríran, tí kò sì gbọ́ràn, tó gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Johannesburg lábẹ́ ìjọba ẹlẹ́yàmẹ̀yà

Ní ọdún 1951, ọdún mẹ́ta lẹ́yìn tí ẹgbẹ́ òṣèlú National Party gba ìjọba ní Gúúsù Áfíríkà, Yunifásítì Witwatersrand ní ìlú Johannesburg fi oyè ọ̀mọ̀wé dá obìnrin ará Amẹ́ríkà kan lọ́lá. Ẹni àádọ́rin ọdún ni. Kò ríran, kò sì gbọ́ràn láti ìgbà tí kò tíì pé ọmọ ọdún méjì. Bí ó bá sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ kì í tètè yé ẹni tí kò mọ̀ ọ́n dáadáa, ìdí nìyẹn tí Polly Thomson, alábàárìn rẹ̀, fi máa ń dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ láti tún ọ̀rọ̀ náà sọ fún àwùjọ.

Helen Keller ni obìnrin náà. Òkìkí rẹ̀ ti dé Johannesburg kí òun fúnra rẹ̀ tó dé ibẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí ọ̀pọ̀ kì í mẹ́nu bà nínú ìtàn rẹ̀ ni pé ọ̀rọ̀ irinṣẹ́ ló gba apá tó pọ̀ nínú ìgbésí ayé rẹ̀: irú ìwé wo ni afọ́jú yóò máa kà, ẹ̀rọ wo ni yóò fi máa kọ̀wé, ta ni yóò san owó rẹ̀, ta ni kò sì ní kàn.

Ọ̀rọ̀ inú àtẹ́lẹwọ́

Wọ́n bí i ní ọjọ́ 27, oṣù Kẹfà, ọdún 1880, ní ìlú Tuscumbia ní ìpínlẹ̀ Alabama. Bàbá rẹ̀, Arthur Keller, ti jẹ́ ọ̀gá nínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun àwọn ìpínlẹ̀ gúúsù Amẹ́ríkà tó jagun kí oko ẹrú má baà parẹ́. Nígbà tí Helen pé oṣù mọ́kàndínlógún, àìsàn kan kọlù ú. Àìsàn náà lọ, ṣùgbọ́n ó mú ojú àti etí rẹ̀ lọ.

Àwọn Yorùbá máa ń sọ pé ojú lọ̀rọ̀ wà. Ní ti Helen, àtẹ́lẹwọ́ ni. Ní ọjọ́ 3, oṣù Kẹta, ọdún 1887 ni Anne Sullivan dé ilé wọn, ọ̀dọ́bìnrin ẹni ogún ọdún tí ojú tirẹ̀ náà kò ríran dáadáa. Ó ń fi ìka kọ lẹ́tà sí àtẹ́lẹwọ́ ọmọ náà lọ́kọ̀ọ̀kan, ọmọ náà sì ń sín in jẹ láìmọ ohun tó túmọ̀ sí, títí di ọjọ́ tí olùkọ́ rẹ̀ fi ọwọ́ rẹ̀ kan sábẹ́ omi tó ń ya láti ẹnu ẹ̀rọ, tó sì kọ orúkọ omi sí ọwọ́ kejì. Ọjọ́ yẹn ló yé e pé gbogbo nǹkan ló ní orúkọ.

Lẹ́yìn èyí ló kọ́ Braille, àwọn àmì róbótó kéékèèké mẹ́fà tó yọ sókè lórí ìwé, tí Louis Braille, afọ́jú ọmọ ilẹ̀ Faransé, gbé kalẹ̀. Ṣùgbọ́n Amẹ́ríkà ayé ìgbà náà kò fẹnu kò lórí rẹ̀. Braille ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wà, ti Amẹ́ríkà wà, èyí tí wọ́n ń pè ní New York Point wà, àwọn ìwé tí wọ́n kàn mú lẹ́tà lásán yọ sókè náà wà. Ìwé tí ilé ẹ̀kọ́ kan bá tẹ̀, afọ́jú tó jáde ní ilé ẹ̀kọ́ mìíràn lè má lè kà á. Oríṣiríṣi wọn ni Helen kọ́, nítorí kò sí ọ̀nà mìíràn fún ẹni tó bá fẹ́ kàwé púpọ̀. Ní 1909, nígbà tí ìgbìmọ̀ ètò ẹ̀kọ́ New York ń jíròrò lórí èyí tí wọn yóò mú lò, ó kọ̀wé láti gbè sẹ́yìn Braille ti Amẹ́ríkà. Ó di 1932 kí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Amẹ́ríkà tó fẹnu kò sórí Braille kan ṣoṣo fún èdè Gẹ̀ẹ́sì.

Ní 1893, níbi ìpàtẹ ńlá àgbáyé ní Chicago, ó pàdé Frank Hall, ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ àwọn afọ́jú ní Illinois. Ọdún kan ṣáájú ni Hall ṣe ẹ̀rọ kan tí ó fi bọ́tìnì mẹ́fà kọ Braille, bọ́tìnì kan fún àmì kan. Wọ́n ní nígbà tí ọmọbìnrin náà mọ ẹni tó wà níwájú òun, ńṣe ló dì mọ́ ọn ṣìnkún. Hall kò gba ìwé àṣẹ tí yóò sọ ẹ̀rọ náà di tirẹ̀ nìkan, kò sì fi pa owó. Bọ́tìnì mẹ́fà yẹn náà ni àwọn afọ́jú ṣì ń tẹ̀ lónìí lórí ẹ̀rọ Braille tí wọ́n ń so mọ́ kọ̀ǹpútà.

Helen wọ Radcliffe, ilé ẹ̀kọ́ gíga àwọn obìnrin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Harvard, nítorí Harvard kì í gba obìnrin. Tàìpúráítà ló fi ń kọ iṣẹ́ rẹ̀ níbẹ̀. Ó gboyè jáde ní 1904. Kò tíì sí ẹni tí kò ríran tí kò sì gbọ́ràn tó ṣe bẹ́ẹ̀ rí.

Ẹ̀rọ tí òun fúnra rẹ̀ kò lè lò

Láti 1924 ló ti ń bá àjọ American Foundation for the Blind ṣiṣẹ́, tó ń rìn káàkiri láti wá owó. Ní nǹkan bí ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà, àjọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìwé sínú rẹ́kọ́ọ̀dù kí afọ́jú lè máa gbọ́ ọ. Ara Helen kò kọ́kọ́ yá sí i. Ọrọ̀ ajé Amẹ́ríkà ti dẹnu kọlẹ̀ nígbà náà, ó sì ka ẹ̀rọ náà sí ohun afẹ́ nígbà tí ọ̀pọ̀ afọ́jú kò rí oúnjẹ jẹ. Nígbà tó yá, ó yí èrò padà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló jẹ́ pé ọjọ́ ogbó ni ojú wọn fọ́, ìka wọn kò sì lè kọ́ Braille mọ́. Ó gbé ọ̀rọ̀ náà lọ bá ìjọba, Ààrẹ Franklin Roosevelt sì pàṣẹ ní 1935 kí wọ́n fi owó ìjọba ṣe ẹ̀rọ náà fún àwọn afọ́jú.

Kò sí ọ̀kan nínú àwọn ìwé inú rẹ́kọ́ọ̀dù wọ̀nyẹn tí Helen gbọ́ rí. Adití ni.

Johannesburg, 1951

Ẹni tó pè é wá sí Gúúsù Áfíríkà ni Arthur Blaxall, àlùfáà ìjọ Áńgílíkà, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tó dá ibùdó Ezenzeleni sílẹ̀ ní Roodepoort, ní ìwọ̀ oòrùn Johannesburg, fún àwọn afọ́jú aláwọ̀ dúdú. Iṣẹ́ ọwọ́ ni wọ́n ń kọ́ níbẹ̀, kí wọ́n má baà máa ṣagbe.

Ní 1950, ọdún kan kí Helen tó dé, ìjọba ṣòfin pé kí wọ́n kọ ẹ̀yà olúkúlùkù ọmọ ìlú sílẹ̀. Ẹni tí a bí ní afọ́jú, tí kò mọ ohun tí wọ́n ń pè ní dúdú tàbí funfun, òfin ti bá a mọ tirẹ̀. Owó ìrànwọ́ tí ìjọba ń san fún afọ́jú aláwọ̀ funfun ju ti aláwọ̀ dúdú lọ.

Helen kì í ṣe àlejò sí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Ní 1916, ó fi 100 dọ́là ránṣẹ́ sí NAACP, ẹgbẹ́ tó ń jà fún ẹ̀tọ́ àwọn aláwọ̀ dúdú ní Amẹ́ríkà, pẹ̀lú lẹ́tà tó bí àwọn ará Alabama nínú. Ṣùgbọ́n ní Gúúsù Áfíríkà, owó àwọn afọ́jú ló wá wá, ọwọ́ àwọn aláwọ̀ funfun ni owó sì wà. Ó bá àwọn funfun ṣèpàdé lọ́tọ̀, ó bá àwọn dúdú ṣèpàdé lọ́tọ̀. Àwọn Zulu fún un ní orúkọ kan, Homvuselelo, èyí tó jẹ mọ́ ẹni tó ta ọ̀pọ̀ ènìyàn jí. Bí a bá fi orúkọ náà sórí òṣùwọ̀n pẹ̀lú oyè yunifásítì, kò dájú pé oyè ni yóò tẹ̀wọ̀n jù.

Blaxall kọ ìwé kan lórí ìrìn àjò náà, ó sì jáde ní 1952. Ní 1963, nígbà tó ti lé ní ẹni àádọ́rin ọdún, ìjọba ẹlẹ́yàmẹ̀yà gbé òun náà lọ sílé ẹjọ́ nítorí owó ìrànwọ́ tó gba ọwọ́ rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ àwọn ẹgbẹ́ tí wọ́n ti fòfin dè. Wọ́n dá a lẹ́bi, ó sì padà sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Lẹ́yìn ikú rẹ̀

Helen Keller kú ní ọjọ́ 1, oṣù Kẹfà, ọdún 1968, ní ìlú Easton ní ìpínlẹ̀ Connecticut. Eérú rẹ̀ wà nínú kàtídírà ńlá tó wà ní Washington, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Anne Sullivan àti ti Polly Thomson. Wọ́n kọ orúkọ sí ara ògiri níbẹ̀ ní Braille, ọwọ́ àwọn àbẹ̀wò sì ti pa àmì náà rẹ́ débi pé wọ́n ní láti ṣe òmíràn.

Kò bá ayé kọ̀ǹpútà tó ń sọ̀rọ̀ pàdé. Ní 1989 ni JAWS jáde, ètò tó ń ka ohun tó wà lójú kọ̀ǹpútà síta fún afọ́jú, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ kọjá agbára ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Áfíríkà. Ní 2006, àwọn afọ́jú méjì ní Ọsirélíà, Michael Curran àti James Teh, bẹ̀rẹ̀ NVDA, èyí tó ń ṣe iṣẹ́ kan náà lọ́fẹ̀ẹ́. Ó jọ ohun tí Frank Hall ṣe. Ní 2013, Haben Girma, ẹni tí òun náà kò ríran tí kò sì gbọ́ràn, tí ìdílé rẹ̀ wá láti Eritrea, gboyè nínú ìmọ̀ òfin ní Harvard. Ẹni tó bá fẹ́ bá a sọ̀rọ̀ lè tẹ ọ̀rọ̀ sórí kíbọ́ọ̀dù, ọ̀rọ̀ náà yóò sì yọ ní Braille lábẹ́ ìka rẹ̀.

Síbẹ̀, ẹ̀rọ kò lè ka ìwé tí òfin kò jẹ́ kó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ní Gúúsù Áfíríkà, òfin ẹ̀tọ́ oníwèé tí ìjọba ẹlẹ́yàmẹ̀yà ṣe ní 1978 kò fi àyè sílẹ̀ kí wọ́n sọ ìwé di Braille tàbí ohùn fún afọ́jú láìgba àṣẹ lọ́wọ́ ẹni tó ni ín. Ẹgbẹ́ Blind SA pe ẹjọ́. Ní ọjọ́ 21, oṣù Kẹsàn-án, ọdún 2022, ilé ẹjọ́ tó ń rí sí ìwé òfin orílẹ̀-èdè náà, tó wà ní Johannesburg, dájọ́ pé òfin náà tako ìwé òfin, wọ́n fún ilé aṣòfin ní oṣù mẹ́rìnlélógún láti tún un ṣe, wọ́n sì pàṣẹ pé kí àwọn afọ́jú máa sọ ìwé di èyí tí wọ́n lè kà láti ọjọ́ náà lọ.