Awólọ́wọ̀, owó orí àti ọmọ Mushin tó wọlé ìwé lọ́fẹ̀ẹ́

Tí ẹ bá wọ dánfó láti Ojúẹlẹ́gba lọ sí Mushin lónìí, ẹ ò ní mọ ìgbà tí ẹ sọdá ààlà kankan. Kò rí bẹ́ẹ̀ lọ́dún 1955. Wọ́n ti yọ Èkó kúrò lára ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn lọ́dún 1954, Sùúrùlérè àti Yábàá sì bọ́ sọ́wọ́ ìjọba àpapọ̀. Mushin ní tiẹ̀ ṣì wà lábẹ́ Awólọ́wọ̀. Nígbà tó di ọjọ́ 17, oṣù kìíní, ọdún 1955, ọmọ Mushin bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ láì san kọ́bọ̀. Ọmọ Yábàá tí kò jìnnà sí i ní láti dúró di 1957.

Ẹ mọ ọkùnrin tó fa ìyàtọ̀ yẹn. Ẹ ti rí fìlà àti awò ojú ẹ̀ lórí owó ₦100. Ìgbà tó jẹ́ ọmọ aláìní ni ọ̀pọ̀ wa ò mọ̀.

Ìkẹ́nnẹ́ ni wọ́n ti bí i, ní ọjọ́ 6, oṣù kẹta, ọdún 1909. Bàbá ẹ̀ ń ṣe àgbẹ̀, ó tún ń la pákó. Ọmọ náà kò tíì ju bí ọmọ ọdún mọ́kànlá lọ tí bàbá fi kú, ibẹ̀ sì ni owó ilé ìwé dópin sí. Ó ṣe ọmọ ọ̀dọ̀, ó ṣẹ́gi tà, ó ń wọlé ìwé lónìí, ó ń jáde lọ́la. Bó ṣe rá pálá nìyẹn títí tó fi wọ Wesley College n'Íbàdàn lọ́dún 1927. Lẹ́yìn ìyẹn ńkọ́? Ó ṣe tíṣà, ó ṣe akọ̀wé, ó ṣe oníròyìn, ó ra mọ́tò akẹ́rù, ó sì wọ gbèsè. Ọdún 1944 ló tó gboyè Yunifásítì London, láti ilé níbí ló ti kà á, kó tó wọkọ̀ ojú omi lọ kọ́ ìmọ̀ òfin lọ́hùn-ún. Ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún nígbà yẹn o.

Ẹgbẹ́ ẹ̀, Action Group, gba ìjọba ní 1952. Lọ́dún yẹn náà ni Awókọ̀yà, mínísítà ètò ẹ̀kọ́, gbé ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ kalẹ̀. Àmọ́ ọ̀fẹ́ kò sí, ẹnì kan ló ń sanwó ẹ̀. Wọ́n bu owó orí lé aráàlú, fún ẹ̀kọ́ àti ìlera, ni inú bá bí àwọn èèyàn. Àgbẹ̀ tí kò tíì rí àǹfààní kankan, ṣé ẹ máa dá a lẹ́bi? NCNC gbé ìbínú yẹn gun ẹṣin, wọ́n sì na Action Group nílé ara ẹ̀ nínú ìdìbò àpapọ̀ ti 1954.

Mo mọ ọ̀pọ̀ olóṣèlú tí ì bá fi ètò náà sílẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Kò tó oṣù mẹ́ta lẹ́yìn ẹ̀ tí ilé ìwé ọ̀fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀. Ọmọ 456,600 ló wà nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní 1954. Ní 1955, wọ́n di 811,432. Ká má parọ́, tíṣà kò tó, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí wọ́n gbà ni kò gba ẹ̀kọ́ṣẹ́, ẹ̀kọ́ sì fà sẹ́yìn díẹ̀. Ẹkùn Ìlà-Oòrùn náà dán an wò ní 1957, owó tán, wọ́n dá owó ilé ìwé padà fún ọ̀pọ̀ ọmọ lọ́dún kejì.

Awólọ́wọ̀ lọ sẹ́wọ̀n ní 1963, ó jáde ní 1966, ó dupò ààrẹ ní 1979, kò wọlé. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ ẹ̀, UPN, wọlé l'Ékòó, Jákàńdè sì sọ ilé ìwé di ọ̀fẹ́ fún Mushin, Yábàá àti Sùúrùlérè pa pọ̀. Ó fòpin sí kíkàwé ní ṣíìfù-ṣíìfù. Àwọn kan ń pe kíláàsì tó kọ́ ní ilé adìẹ. Àwọn ọmọ kàwé níbẹ̀.

Ọjọ́ 9, oṣù karùn-ún, ọdún 1987 ni bàbá dákẹ́. Ọmọ ọdún mẹ́fà tó wọlé ìwé ní Mushin ní 1955 ti ń sún mọ́ ọgọ́rin ọdún báyìí. Tí ẹ bá ní bàbá àgbà kan ní Papa Ajao, ẹ bi í ta ló san owó ilé ìwé ẹ̀.