Abu Hurayrah: Àlejò Tí Ó Ń Sùn Ní Mọ́sálásí Ànábì

Kò sí ọ̀dọ́ Mùsùlùmí tí ó ti jókòó síbi wàásù rí tí kò tíì gbọ́ orúkọ Abu Hurayrah, kí Ọlọ́hun yọ́nú sí i. Bí ààfáà bá fẹ́ sọ hádíìsì, orúkọ rẹ̀ ni ó sábà máa ń kọ́kọ́ dé etí wa. Nínú àkójọ Baqi ibn Makhlad, hádíìsì tí ó ti ẹnu rẹ̀ jáde jẹ́ 5,374, bí a bá ka àwọn tí wọ́n gba ọ̀nà púpọ̀ wá mọ́ ọn, kò sì sí sàábé mìíràn tí iye tirẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ohun tí a kì í sábà gbọ́ níbi wàásù ni bí ọkùnrin yìí ṣe ń gbé ní àkókò tí ó ń kó ìmọ̀ náà jọ. Inú mọ́sálásí ni ó ń sùn. Ohun tí ẹlòmíràn bá fún un ni ó ń jẹ. Nígbà tí wọn kò bá rí nǹkan fún un, òkúta ni ó ń dì mọ́ ikùn. Apá ìgbésí ayé rẹ̀ yìí ni a fẹ́ bá ẹ̀yin arákùnrin àti arábìnrin wa sọ ní oṣù yìí.

Ẹ̀yà Daws ní ilẹ̀ Yẹ́mẹ̀nì ni ó ti wá. Àwọn onítàn kò fi ẹnu kò lórí orúkọ tí ó ń jẹ́ kí ó tó gba Ìsìláàmù, ṣùgbọ́n Abdur-Rahman ọmọ Sakhr ni ọ̀pọ̀ wọn mọ̀ ọ́n sí lẹ́yìn náà. Ìnagijẹ lásán ni Abu Hurayrah. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni bàbá ọmọ ológbò, nítorí pé nígbà tí ó ń da ewúrẹ́ àwọn ará ilé rẹ̀, ó ní ọmọ ológbò kan tí ó máa ń bá ṣeré. Ọmọ òrukàn ni. Ó bá obìnrin kan tí à ń pè ní Busra, ọmọ Ghazwan, ṣiṣẹ́, owó iṣẹ́ rẹ̀ kò sì ju oúnjẹ tí yóò jẹ lọ àti kí wọ́n jẹ́ kí ó gun ràkúnmí nígbà tí ó bá kàn án. Bí wọ́n bá ń rìn, òun ni ó ń da ràkúnmí. Bí wọ́n bá dúró sinmi, òun ni wọ́n ń rán níṣẹ́. Tufayl ọmọ Amr, tí òun náà jẹ́ ọmọ Daws, ni ó mú ẹ̀sìn dé àárín wọn. Ní ọdún keje Híjírà, ìyẹn 628, Abu Hurayrah gbéra láti ilẹ̀ rẹ̀, ó sì bá Ànábì Muhammad, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, ní àkókò ogun Khaybar. Ẹrú kan ṣoṣo ni ó mú dání, wọ́n sì sọnù mọ́ ara wọn lọ́wọ́ lójú ọ̀nà. Níbi tí ó ti jókòó sí lọ́dọ̀ Ànábì ni ẹrú náà yọ sí wọn. Ànábì fi í hàn án pé ẹrú rẹ̀ ni ó dé yìí. Abu Hurayrah sì sọ ọ́ di òmìnira lójú ẹsẹ̀ nítorí Ọlọ́hun. Báyìí ni ó ṣe wọ Mẹ̀dínà láìní ohunkóhun.

Kí á tó lọ síwájú, ó yẹ kí á sọ ibi tí ó dé sí. Nígbà tí wọ́n yí kíbúlà kúrò ní Jerúsálẹ́mù sí Mẹ́kà ní ọdún kejì Híjírà, apá àríwá mọ́sálásí Ànábì wá di ẹ̀yìn. Wọ́n fi imọ̀ ọ̀pẹ bo orí ibẹ̀, wọ́n sì ń pè é ní Suffah. Ibẹ̀ ni àwọn tí wọ́n ṣí wá sí Mẹ̀dínà ń wọ̀ sí bí wọn kò bá ní ará, tí wọn kò ní owó, tí wọn kò sì mọ ẹnikẹ́ni ní ìlú. Ẹni tí ó bá rí iṣẹ́ tàbí tí ó fẹ́ ìyàwó á kúrò, ẹlòmíràn á sì dé. Abu Hurayrah fúnra rẹ̀ ròyìn pé òun rí àádọ́rin nínú wọn tí ẹnikẹ́ni kò ní aṣọ ìlékè. Aṣọ kan ṣoṣo ni wọ́n so mọ́ ọrùn, tí òmíràn kò sì ju agbede ẹsẹ̀ lọ, tí wọ́n á máa fi ọwọ́ dì í mú kí ìhòòhò wọn má baà hàn. Lóde òní, ọ̀pọ̀ mọ́sálásí ni a ń fi kọ́kọ́rọ́ tì lẹ́yìn ìrun Ìṣáì nítorí olè, a kò sì dá àwọn tí ń tọ́jú wọn lẹ́bi. Ṣùgbọ́n kí á má gbàgbé pé mọ́sálásí Ànábì fúnra rẹ̀ ní ibi tí aláìnílé ń sùn nínú.

Bí wọ́n bá mú sàráà wá fún Ànábì, gbogbo rẹ̀ ni ó ń fi ránṣẹ́ sí wọn, kì í fi ọwọ́ kàn án. Bí ó bá jẹ́ ẹ̀bùn, á jẹ nínú rẹ̀, á sì pè wọ́n wá jẹ. Ó pàṣẹ pé kí ẹni tí ó ní oúnjẹ ènìyàn méjì mú ẹnìkẹta lọ sílé nínú wọn. Abu Bakr mú mẹ́ta lọ ní alẹ́ ọjọ́ kan, Ànábì mú mẹ́wàá. Nígbà tí Fatima ọmọ rẹ̀ wá tọrọ ìránṣẹ́ nítorí pé ọlọ ti bó o lọ́wọ́, ó sọ fún un pé òun kò ní fún un kí òun wá fi àwọn ará Suffah sílẹ̀ kí ebi máa lọ́ wọn nífun. Ọmọ tí ó fẹ́ràn jù lọ nìyẹn.

Àwọn ará Mẹ̀dínà tí wọ́n ní oko dàbínù náà kò gbẹ́yìn. Wọ́n máa ń gbé ṣírí dàbínù wá, wọ́n á gbé e kọ́ sórí okùn láàrin òpó méjì nínú mọ́sálásí, ẹni tí ebi bá ń pa nínú àwọn ará Suffah á fi ọ̀pá lù ú, á sì ṣa èyí tí ó bá bọ́ sílẹ̀ jẹ. Ṣùgbọ́n àwọn kan wà tí wọ́n ń wá ṣírí tí ó ti bàjẹ́ tàbí èyí tí ó ti dá, tí wọ́n ń gbé ìyẹn kọ́. Orí ọ̀rọ̀ yìí ni áyà 267 nínú Súrà Bákárà sọ̀ kalẹ̀ lé, tí Ọlọ́hun kọ̀ fún wa láti máa mọ̀ọ́mọ̀ ṣa èyí tí kò dára fún sàráà, èyí tí àwa náà kò ní gbà lọ́wọ́ ẹlòmíràn àfi tí a bá di ojú. Àwa tí a máa ń tú àpótí aṣọ, tí a ń wá èyí tí bọ́tìnnì rẹ̀ ti já tán kí á tó rántí aláìní, ọ̀rọ̀ yìí kàn wá.

Ìyá Abu Hurayrah náà wà ní Mẹ̀dínà, kò sì tètè gba ẹ̀sìn, títí Ànábì fi ṣe àdúrà fún un. Ìtàn kan sọ pé Ànábì fún àwọn tí ebi ń pa ní dàbínù méjì méjì ní ọjọ́ kan, Abu Hurayrah jẹ ọ̀kan, ó sì fi ọ̀kan pamọ́. Nígbà tí Ànábì bi í, ó ní ti ìyá òun ni. Ànábì ní kí ó jẹ ẹ́, ó sì fi méjì mìíràn fún ìyá rẹ̀.

Ọjọ́ kan wà tí ebi fẹ́rẹ̀ẹ́ mú ẹ̀mí rẹ̀ lọ. Ó lọ jókòó sí ojú ọ̀nà tí àwọn ènìyàn ń gbà jáde. Abu Bakr kọjá, Abu Hurayrah sì bi í léèrè áyà kan nínú Àlùkùráánì. Kì í ṣe pé kò mọ̀ ọ́n. Ó ń retí pé kí ó mú òun lọ sílé ni. Abu Bakr dá a lóhùn, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Umar kọjá, bákan náà ni. Àwọn méjèèjì kì í ṣe ahun, gbogbo wa ni a mọ̀ wọ́n. Wọn kò kàn ka ojú rẹ̀ ni. Lẹ́yìn ìgbà tí Umar mọ ohun tí ó wà ní ọkàn rẹ̀ ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, ó ní ká ní òun mú un wọlé ni, ìbá dùn mọ́ òun ju ràkúnmí pupa lọ, bẹ́ẹ̀ sì ni kò sí ọrọ̀ tí ó níyì lójú àwọn Lárúbáwá ju ràkúnmí pupa. Nígbà tí Ànábì kọjá, ó wò ó lójú, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó sì ní kí ó máa bọ̀.

Igbá wàrà kan ni wọ́n bá nílé, ẹnìkan ni ó fi ta wọ́n lọ́rẹ. Ànábì ní kí Abu Hurayrah lọ pe gbogbo àwọn ará Suffah wá. Inú rẹ̀ kò dùn. Ó rò ó pé kí ni wàrà yìí yóò tó fún nínú gbogbo ènìyàn yẹn, àti pé òun tí ebi ń pa jù ni wọn yóò ní kí ó máa gbé e fún wọn, bẹ́ẹ̀ náà ni ó sì rí. Ó ń gbé igbá náà fún wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, oníkálukú ń mu àmuyó, títí ó fi ku òun àti Ànábì. Ànábì ní kí ó jókòó kí ó mu. Ó mu. Ó ní kí ó tún mu. Ó ń sọ bẹ́ẹ̀ títí Abu Hurayrah fi búra pé kò sí àyè nínú òun mọ́. Nígbà náà ni Ànábì tó gba igbá, ó dúpẹ́ fún Ọlọ́hun, ó bísímílà, ó sì mu èyí tí ó kù.

Ẹni tí Abu Hurayrah yìn jù fún ìfẹ́ aláìní láàrin àwọn sàábé ni Ja'far ọmọ Abi Talib, ẹ̀gbọ́n Aliyu. Ó ní Ja'far a máa kó àwọn lọ sílé, á sì gbé ohun tí ó bá wà níbẹ̀ kalẹ̀. Nígbà mìíràn, ohun tí ó máa ń wà kò ju àpò awọ tí wọ́n fi ń pa ọ̀rá wàrà mọ́, tí ó sì ti gbẹ. Ja'far á fa awọ náà ya kí wọ́n lè máa lá èyí tí ó lẹ̀ mọ́ ọn. Àwa rò pé ó ní ìdí tí Ja'far fi rí bẹ́ẹ̀. Òun náà ti jẹ́ àjèjì rí. Ó lé ní ọdún mẹ́wàá tí ó fi gbé ní ilẹ̀ Habaṣa lábẹ́ ààbò Najaṣi, ọdún tí Abu Hurayrah dé náà ni òun tó padà bá Ànábì. Kò pẹ́ láyé lẹ́yìn ìyẹn, ogun Mu'ta ni ó kú sí ní ọdún 629.

Ọ̀pọ̀ nínú wa ni kì í fẹ́ fún alágbe ní nǹkan nítorí pé òpùrọ́ pọ̀ nínú wọn. Irọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ wọn lóòótọ́. Ànábì fi Abu Hurayrah ṣọ́ oúnjẹ sàká Rámàdáánì, ẹnìkan sì wá ń fi ọwọ́ bù ú ní òru. Abu Hurayrah mú un. Ó bẹ̀bẹ̀ pé òun jẹ́ aláìní, pé òun ní ọmọ lẹ́yìn, àánú rẹ̀ sì ṣe Abu Hurayrah, ó fi í sílẹ̀. Ní òwúrọ̀, Ànábì ní irọ́ ni ó pa, yóò tún wá. Ó tún wá lóòótọ́, ó tún sunkún àìní, Abu Hurayrah tún fi í sílẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kẹta ni ó kọ́ ọ ní Áyátùl-Kúrísíyyù, tí Ànábì sì wá sọ pé Ṣàítánì ni. Nítorí áyà náà ni a ṣe mọ hádíìsì yìí. Àmọ́ ẹ wò ó dáadáa: ọkùnrin tí ó mọ bí ebi ti rí kò lè gbọ́ orúkọ ebi kí ó le ọkàn rẹ̀, kò sì sí ibì kan nínú hádíìsì náà tí Ànábì ti bá a wí fún àánú tí ó ṣe, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé irọ́ ni wọ́n pa fún un.

Lẹ́yìn tí Ànábì kúrò láyé ní 632, ọ̀nà là fún un. Umar fi í ṣe alákòóso ní Bahrain. Nígbà tí ó tún fẹ́ rán an lẹ́ẹ̀kejì, ó kọ̀. Ó fẹ́ Busra, obìnrin tí ó ti ṣiṣẹ́ oúnjẹ òòjọ́ fún. Ní ayé Marwan, ó ń dúró fún un gẹ́gẹ́ bí alákòóso Mẹ̀dínà nígbà mìíràn, síbẹ̀ wọ́n ń rí i tí ó ń ru ìdì igi ìdáná kọjá lọ́jà, tí ó ń ṣe yẹ̀yẹ́ pé kí wọ́n yà fún alákòóso. Ilé rẹ̀ wá di ibi tí àlejò ń wọ̀ sí. Abu Uthman an-Nahdi lo alẹ́ méje lọ́dọ̀ rẹ̀, ó sì rí i pé òun, ìyàwó rẹ̀ àti ìránṣẹ́ rẹ̀ pín òru sí mẹ́ta, bí ẹnìkan bá kírun tán á jí èkejì. Ọkùnrin kan láti ẹ̀yà Tufawa tí ó gbàlejò ní Mẹ̀dínà sọ pé òun kò rí sàábé tí ó ń ṣaájò àlejò jù ú lọ. Ẹnu rẹ̀ náà ni a ti gbọ́ nípa tọkọtaya Mẹ̀dínà tí wọ́n pa àtùpà kí àlejò lè jẹ oúnjẹ wọn tán, àti nípa ẹni tí Ọlọ́hun dárí jì nítorí ajá tí òùngbẹ ń gbẹ.

Muhammad ibn Sirin wà lọ́dọ̀ rẹ̀ ní ọjọ́ kan tí ó wọ aṣọ ọ̀gbọ̀ méjì tí wọ́n pa láró pupa. Ó fọn ikun sí ọ̀kan nínú wọn, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí fi ara rẹ̀ rẹ́rìn-ín pé Abu Hurayrah ni ó wá ń fọn ikun sí aṣọ ọ̀gbọ̀ lónìí. Ó wá rántí ọjọ́ tí ó dá kú sílẹ̀ láàrin mímbárì Ànábì àti yàrá Aisha. Ẹni tí ó ń kọjá á wá fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ lọ́rùn, nítorí pé wọ́n rò pé wèrè ni. Kò sí wèrè kankan níbẹ̀, ebi lásán ni. Hádíìsì tí a fi ń kọ́ ìrun, aáwẹ̀ àti ìwà rere lónìí wà nínú orí tí wọ́n rò pé ó dàrú yẹn.

Nígbà tí àìsàn ikú dé sí i, ó sunkún. Wọ́n bi í ní ìdí rẹ̀, ó ní kì í ṣe nítorí ayé yìí, bí kò ṣe pé ìrìn àjò òun jìn, oúnjẹ ọ̀nà òun kò sì pọ̀. Ó kú láàrin ọdún 57 sí 59 Híjírà, ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́rin. Wọ́n gbé e wọ Mẹ̀dínà, wọ́n sì sin ín sí Baqi.