Michael Imoudu: Bàbá Tí Òṣìṣẹ́ Rélùwéè Fọkàn Tán

Ẹ̀ka ọ̀dọ́ tún dé. Ìtàn èèyàn ńlá kan tó ti kú la mú wá lóṣù yìí. Kì í ṣe ọmọ Yorùbá, ṣùgbọ́n Èkó ló sọ ọ́ di akọni, iṣẹ́ rélùwéè ló sì gbé orúkọ rẹ̀ jáde. Michael Imoudu lorúkọ rẹ̀.

Kí ló dé tó jẹ́ òun la mú? Gbogbo wa la mọ ọ̀rọ̀ tó máa ń jáde tí èèyàn bá tò sórí ìlà ọkọ̀ BRT tó ń lọ sí Òṣòdì, tàbí tó bá dúró de ọkọ̀ ojú irin Red Line ní Agége. Ta ló ń darí ọkọ̀ yìí gan-an? Tí ọ̀gá tó wà níbẹ̀ bá lọ, ṣé ẹni tó ń bọ̀ á mú àdéhùn ọ̀gá àná ṣẹ? Ṣé wọ́n máa gbọ́ tiwa kí wọ́n tó fi kún owó ọkọ̀? Ìbéèrè yìí ti wà nílẹ̀ kí wọ́n tó bí àwọn bàbá tó bí wa. Àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè ti bi ọ̀gá wọn ní irú ẹ̀, wọ́n sì tún bi àwọn olórí ẹgbẹ́ tiwọn náà. Ìgbésí ayé Imoudu ló jẹ́ ká mọ bí ìdáhùn ṣe lọ.

*Ọmọ Ọ̀ra dé Èkó*

Ọjọ́ 7 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1902 ni wọ́n bí i ní Ọ̀ra, ìlú tó wà ní ìpínlẹ̀ Ẹdó báyìí. Òbí rẹ̀ kú nígbà tí kò tíì lè dá dúró. Ó lọ ń gbé lọ́dọ̀ ìbátan rẹ̀ kan tó jẹ́ òṣìṣẹ́ rélùwéè, ó ń bá a ṣe iṣẹ́ ilé. Ibi tí iṣẹ́ bá gbé onítọ̀hún lọ, ibẹ̀ ni Imoudu náà ń lọ, bó ṣe di ẹni tó ń rí onírúurú èèyàn láti kékeré nìyẹn. Ó parí ìwé mẹ́fà rẹ̀ ní Agbor ní 1927. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ó gba Èkó wá.

Èkó kò na ọwọ́ sí i tààrà. Iṣẹ́ lébìrà ló kọ́kọ́ ṣe, lẹ́yìn náà ló ṣiṣẹ́ wáyà tẹligíráàfù. Ní 1929 ló wọ rélùwéè ní Ẹ̀búté Mẹ́ta, ó ń kọ́ṣẹ́ bí wọ́n ṣe ń fi ẹ̀rọ gbẹ́ irin.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí rélùwéè jẹ́ nígbà yẹn, torí àwa ọ̀dọ́ ìsinsìnyí kò lè mọ̀ ọ́n. 1896 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í la ọ̀nà irin láti Èkó. Ó dé Ìbàdàn ní 1901. Nígbà tó máa fi di 1912, ó ti dé Kánò. Àtẹ̀gùn ni gbogbo ọjà ilẹ̀ yìí fi ń dé etí òkun: kòkó, ẹ̀pà, awọ ẹran. Agége tí ẹ ń wò yìí, obì àti kòkó inú oko ibẹ̀ pẹ̀lú ọkọ̀ ojú irin ló jẹ́ kó di ìlú ńlá. Tí rélùwéè bá dúró fún ọ̀sẹ̀ kan péré, ìjọba fúnra rẹ̀ á mọ̀ ọ́n lára.

*Nígbà tí wọ́n sọ owó ojúmọ́ di owó wákàtí*

Òyìnbó ló ń darí rélùwéè. Wọ́n á dé láti ìlú wọn, wọ́n á lo sáà wọn, wọ́n á padà sílé, ẹlòmíì á tún dé. Òfin tí ọ̀kan bá ṣe, òmíràn lè yí i. Òṣìṣẹ́ dúdú ló wà níbẹ̀ láti ọdún dé ọdún, síbẹ̀ òun ni wọn kì í bi ní nǹkan kan.

Ní 1931, ọjà dẹnu kọlẹ̀ káàkiri àgbáyé, rélùwéè sì ń wá ibi tí wọ́n á ti dín ìnáwó kù. Wọ́n sọ owó àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ di ti wákàtí. Tẹ́lẹ̀, tí o bá ti wá síbi iṣẹ́, owó ọjọ́ yẹn ti di tìẹ. Ní báyìí, wákàtí tí iṣẹ́ kò bá sí, owó kò sí. Kò sẹ́ni tó jókòó bá wọn sọ ọ́. Ibẹ̀ ni àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ti rí i pé ẹgbẹ́ tó wà nílẹ̀, tó jẹ́ ti àwọn tó ga lẹ́nu iṣẹ́, kò ní gbèjà àwọn. Wọ́n dá Ẹgbẹ́ Òṣìṣẹ́ Rélùwéè sílẹ̀ lọ́dún yẹn kan náà. Imoudu wà lára wọn, ó ń gbéra díẹ̀díẹ̀ títí wọ́n fi fi ṣe ààrẹ.

Nígbà tí òfin fàyè gba kí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba, ẹgbẹ́ yìí ló kọ́kọ́ ṣe é ní gbogbo Nàìjíríà, ní oṣù Kìíní 1940. Ẹ má fojú kékeré wo ìforúkọsílẹ̀ yìí. Ẹgbẹ́ tó bá ti lórúkọ níwájú òfin, ọ̀gá kò lè díbọ́n mọ́ pé òun ò mọ ẹni tí òun máa bá sọ̀rọ̀.

*Wọ́n fẹsẹ̀ rìn lọ bá Gómìnà*

Ogun Hitler dé, gbogbo nǹkan wọ́n. Owó oṣù dúró sójú kan. Ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹsàn-án 1941, rélùwéè ti géètì mọ́ àwọn òṣìṣẹ́ síta. Wọ́n ṣe bí ẹni pé ebi á lé wọn padà. Imoudu kò ní kí wọ́n lọ sílé. Bíi 3,000 òṣìṣẹ́ ló tò lẹ́yìn rẹ̀ láti Ẹ̀búté Mẹ́ta, wọ́n gba orí afárá Carter wọ Ìsàlẹ̀ Èkó, ó di ọ̀dọ̀ Gómìnà Bernard Bourdillon. Gómìnà gbọ́ tẹnu wọn. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ni ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í fún òṣìṣẹ́ ní owó ìrànwọ́ nítorí ọ̀wọ́n ọjà.

Ọjọ́ yẹn ni àwọn ará Èkó mọ̀ pé ọkùnrin yìí kì í ṣe ẹni tí wọ́n ń rà. Ìjọba náà mọ̀ ọ́n. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 1943, wọ́n lé e lẹ́nu iṣẹ́, wọ́n fi òfin ogun mú un, wọ́n tì í mọ́lé ní Benin, wọ́n sì lé e lọ sí Auchi. Ó lé lọ́dún méjì tó fi wà lóhùn-ún.

Ṣé ẹ rí i, ẹni tí wọ́n bá fẹ́ kí èèyàn gbàgbé ni wọ́n ń lé lọ sí ọ̀nà jíjìn. Àwọn òṣìṣẹ́ kò gbàgbé. Nígbà tí wọ́n dá a sílẹ̀ tó padà wọ Èkó ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹfà 1945, èrò tó jáde wá pàdé rẹ̀ kò ṣeé kà.

*Ìyanṣẹ́lódì 1945*

Ohun tó bá nílẹ̀ rèé. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ń béèrè kí wọ́n fi ìdajì, ìyẹn 50%, kún owó ìrànwọ́ ọ̀wọ́n ọjà, kí ẹni tó ń gbowó tó kéré jù sì máa gba ṣílè méjì àti sísì lójúmọ́. Ìjọba ní kò sówó. Àwọn òṣìṣẹ́ sì rí i pé wọ́n rówó fi kún ti àwọn òyìnbó.

Wọ́n ti dá ọjọ́ ìyanṣẹ́lódì. Nígbà tó kù díẹ̀, àwọn olórí àpapọ̀ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ lọ bá ìjọba ṣèpàdé, wọ́n jáde wá, wọ́n ní kí gbogbo èèyàn ṣì ní sùúrù, kí wọ́n sún un síwájú. Ó ṣeé ṣe kí wọ́n ní èrò rere. Àmọ́ wọn ò kọ́kọ́ padà wá bi àwọn tó rán wọn níṣẹ́. Ibẹ̀ ni wàhálà wà. Àwọn òṣìṣẹ́ kò dá wọn lóhùn. Ní ọjọ́ 21 sí 22 oṣù Kẹfà, rélùwéè dúró, tẹligíráàfù dúró, iṣẹ́ ìjọba dákẹ́. Ó lé ní 30,000 òṣìṣẹ́ tó kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Àwọn olórí tó ní kí wọ́n dúró pàdánù ipò wọn, Imoudu àti àwọn tó wà pẹ̀lú rẹ̀ ni ìlú ń tẹ̀ lé.

Nǹkan bí ọjọ́ 44 ló gbà. Ebi pa èèyàn. Àwọn oníṣòwò ṣe ìrànwọ́, àwọn èèyàn dáwó jọ. Ìjọba ti ilé ìwé ìròyìn Azikiwe pa fún ìgbà díẹ̀. Hubert Ogunde, tó jẹ́ ọlọ́pàá tẹ́lẹ̀, fi ọ̀rọ̀ náà ṣe eré tó pè ní Strike and Hunger, ìjọba sì dá eré náà dúró ní Jos. Nígbà tí òṣìṣẹ́ padà sẹ́nu iṣẹ́ ní oṣù Kẹjọ, wọ́n ti ṣèlérí pé wọn ò ní fìyà jẹ ẹnikẹ́ni, pé ìgbìmọ̀ ìwádìí á jókòó. Ìgbìmọ̀ náà, tí Tudor Davies darí, fara mọ́ 50% tí wọ́n béèrè.

*Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ́*

Tí a bá dúró síbí, ìtàn náà á dùn, ṣùgbọ́n kò ní pé. Láti 1949 sí 1963, àpapọ̀ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ pín, ó tún so pọ̀, ó tún pín. Imoudu fúnra rẹ̀ ṣe ààrẹ àpapọ̀ bíi mẹ́rin láàárín ìgbà yẹn. Ìparí 1950 ni wọ́n gbìyànjú láti da iṣẹ́ sílẹ̀ ní ilé iṣẹ́ àwọn oníṣòwò òyìnbó, kò yọrí sí rere, ẹgbẹ́ náà sì fọ́. Àwọn kan fẹ́ bá àwọn òṣìṣẹ́ ìhà Rọ́ṣíà ṣe, àwọn kan fẹ́ ti ìhà Amẹ́ríkà àti Gẹ̀ẹ́sì. Owó àti àǹfààní ń ti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì wá. Lébìrà tó wà ní Ẹ̀búté Mẹ́ta kò mọ olórí tó yẹ kó tẹ̀ lé mọ́. Ọ̀wọ̀ tí wọ́n ní fún Imoudu kò dín kù, àmọ́ ìgbẹ́kẹ̀lé nínú ẹgbẹ́ ti ń lọ. Nǹkan méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ nìyẹn. A lè fẹ́ràn bàbá kan, ká má sì gba ilé tó kọ́ gbọ́.

Ohun tó tún un ṣe ni pé ní 1963, gbogbo wọn gbé ìjà tì, wọ́n dá ìgbìmọ̀ àjùmọ̀ṣe kan sílẹ̀. Àwọn tí kì í kí ara wọn jókòó sórí tábìlì kan. Ìjọba yan Adájọ́ Adeyinka Morgan láti wo ọ̀rọ̀ owó oṣù. Ìwé ìwádìí rẹ̀ délẹ̀ ní oṣù Kẹrin 1964, ìjọba jókòó lé e. Nígbà tó di ọjọ́ 1 oṣù Kẹfà, gbogbo Nàìjíríà dáṣẹ́ sílẹ̀, láti Èkó dé òkè Ọya. Olórí ìjọba, Tafawa Balewa, fún wọn ní wákàtí 48 láti padà, wọn ò padà. Ọjọ́ 13 ló gbà kí ìjọba tó gbà láti jókòó bá wọn dúnàádúrà. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà, àwọn bàbá wa kúkú ti wí bẹ́ẹ̀.

Ní 1977, ìjọba ológun fòfin de òun àti àwọn olórí òṣìṣẹ́ mìíràn pé wọn ò gbọ́dọ̀ ṣe ẹgbẹ́ mọ́. Ó bọ́ sí òṣèlú nígbà ìjọba alágbádá kejì, ó wà nínú ẹgbẹ́ PRP, ìyapa wọ ibẹ̀ náà. Ilé ẹ̀kọ́ nípa iṣẹ́ òṣìṣẹ́ tó wà ní Ìlọrin ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ títí dòní. Ọjọ́ 22 oṣù Kẹfà 2005 ló kú, lẹ́ni ọdún 102. Ọgọ́ta ọdún gééré sí ìyanṣẹ́lódì ńlá yẹn ni.

*Rélùwéè ń kọ́, àwa náà ń kọ́*

Rélùwéè tó fi ọjọ́ ayé rẹ̀ jà fún di àjọ ìjọba ní 1955. Àwọn olùdarí lọ, àwọn míì dé. Láti 1979 sí 1982, àwọn ará Íńdíà ni wọ́n gbé e fún kí wọ́n bá wa tún un ṣe. Wọ́n tún un ṣe díẹ̀, wọ́n lọ, nǹkan tún wọ́. Ibùdókọ̀ di ibi tí ewúrẹ́ ń sùn sí. Àwọn èèyàn wá gbà pé ọkọ̀ ojú irin kò ṣeé gbójú lé. Ìyípadà olórí nìkan kò lè ba iṣẹ́ jẹ́. Ohun tó ń bà á jẹ́ ni kí olórí tuntun dé kó má bá ìwé kankan nílẹ̀, kó má mọ àdéhùn tí wọ́n ti ṣe, kó má sì sẹ́ni tó lè bi í. Ní báyìí tí Red Line ti ń gbé èrò láti Agbádò lọ sí Òyìngbò láti oṣù Kẹwàá 2024, irú ìgbẹ́kẹ̀lé yẹn ni wọ́n tún ń kọ́ láti ìpìlẹ̀.

Kí ló kàn wá nínú ẹgbẹ́ tiwa? Ẹ̀ka ọ̀dọ́ rí mẹ́ta mú níbẹ̀. Àkọ́kọ́, ẹni tí a bá rán lọ sọ́dọ̀ káńsù tàbí àwọn ọlọ́kọ̀, kó kọ́kọ́ padà wá jíṣẹ́ kó tó fọwọ́ sí nǹkankan. Èkejì, kí ìwé owó àti àdéhùn jẹ́ ti ẹgbẹ́, kó má jẹ́ ti ẹni tó wà nípò, kí ẹni tuntun lè bá a nílẹ̀. Ẹ̀kẹta, tí ìjà bá dé láàárín wa, ẹ jẹ́ ká rántí 1963, ká jókòó sórí tábìlì kan.

Ẹ̀yin àgbà tí ẹ wọ ọkọ̀ ojú irin ayé àtijọ́, tàbí tí ẹ ní ẹbí tó ṣiṣẹ́ ní Ẹ̀búté Mẹ́ta, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ohùn ránṣẹ́ sórí gúrúùpù. A máa fetí sílẹ̀, a ó sì kọ ọ́ sílẹ̀ fún àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn.